Bí a Ṣe Ń Fi Ẹsẹ̀ Rin Igbó Ọ̀ṣun: Láti Etídò Gòkè Dé Ààrin Ìlú Òṣogbo ní Ìdajì Ọjọ́

Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó ń wá sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ó ń fi ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí wọn yóò sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí etídò, tí wọn yóò ya fọ́tò mẹ́rin márùn-ún, tí wọn yóò sì ti padà sínú ọkọ̀ kí wákàtí kan tó pé. Wọ́n rí odò, wọ́n rí ère, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé wọ́n rí igbó. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó ní ìdajì ọjọ́ kan, láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè gbé e gun òkè díẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹ gbà ni ọ̀nà tí ìlú fúnra rẹ̀ gbà. Ìtàn sọ fún wa pé Láròóyè àti Olútìmẹ́yìn, tí í ṣe ọdẹ, kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí àìtó omi, wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Níbi tí wọ́n ti ń gé igi ni igi ńlá kan ti wó lu odò, tí ohùn kan sì ké láti inú omi pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Láti ara “oṣó igbó” yìí ni a ti rí orúkọ Òṣogbo. Nígbà tí ó yá, Ọ̀ṣun ní kí wọ́n ṣí kúrò ní etídò lọ sí ilẹ̀ tí ó ga, kí omi má baà gbé wọn lọ, wọ́n sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí ààfin àti Ọjà Ọba wà lónìí. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ bá odò, gígun òkè padà sí ìlú ni yóò sì jẹ́ ojúlówó ìrìn ọjọ́ náà.

Ìmúra: ìgbà, aṣọ àti ohun tí ẹ ó gbé dání

Bí ẹ bá lè yan ìgbà, oṣù Kọkànlá títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà náà, ilẹ̀ ti le díẹ̀, síbẹ̀ ewé kò tíì gbẹ, ọyẹ́ kò sì tíì fi eruku bo gbogbo nǹkan. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ọ̀nà máa ń yọ̀, odò sì máa ń kún dé ẹnu. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ọdún Ọ̀ṣun ní láti wá ní oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ìrìn-àjò mìíràn pátápátá ni ìyẹn: ní ọjọ́ Ẹtì tí Arugbá, wúńdíá tí ń ru ẹbọ ìlú, bá ru igbá lọ sí odò, èrò ni yóò máa gbé ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe ẹ̀yin fúnra yín.

Ẹ wọ bàtà kánfáàsì tàbí bàtà mìíràn tí ó di ẹsẹ̀ mú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì yọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rin ọ̀nà yìí, sálúbàtà ni mo wọ̀, torí mo rò pé ibi ìgbafẹ́ lásán ni mo ń lọ. Okùn rẹ̀ já níbi tí ilẹ̀ ti dagun, mo sì fi ẹsẹ̀ òfìfo kan rìn títí mo fi jáde. Kò tíì tó bẹ́ẹ̀: mo tẹ ìjàlọ. Ẹni tí ìjàlọ kò bá tíì wọ ṣòkòtò rẹ̀ rí lè máa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ṣòkòtò gígùn ni mo ń wọ̀, mo sì ń fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń mú mi jọ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú kan tí ó ń yí bí okùn kọjá lójú ọ̀nà, ẹ má dúró wò ó láti ìtòsí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ gíga kọjá, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ gbé omi mímu tí ó tó yín dání, nítorí kò sí ibi tí ẹ ó ti rà á nínú igbó. Aṣọ alápá gígùn dára nítorí ẹ̀fọn. Fìlà tàbí gèlè tí kò wúwo kò ní wúlò lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n ẹ ó dúpẹ́ pé ẹ mú un nígbà tí ẹ bá jáde sí oòrùn ìlú. Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹun yó kí ẹ tó wọlé. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tí àwọn ìyá ń dín lẹ́bàá títì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tó láti gbé ènìyàn dé ọ̀sán. Ẹ má gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà wọ inú igbó. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: dídé ẹnu ọ̀nà

Láti Ọláìyá tàbí ibikíbi ní ààrin ìlú, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ pé Ojúbọ Ọ̀ṣun ni ẹ ń lọ. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ ibẹ̀. Ẹ dúnàá dúrà parí kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, nítorí “mi ò ní ṣéńjì” ni orin àárọ̀ wọn. Ẹ gbìyànjú láti wà níbẹ̀ bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń ṣí ẹnu ọ̀nà. Ní àkókò yẹn, ìtura ṣì wà lábẹ́ igi, àwọn ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì dé, ẹyẹ ṣì ń ké.

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó ń ṣe àkóso igbó náà, ẹ ó sì san owó ìwọlé. Ẹ̀rọ ayàwòrán ní owó tirẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ fi í sí àpò tí ọwọ́ lè tètè dé. Lẹ́yìn èyí, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún amọ̀nà, kí ẹ sì jọ fi ẹnu kò lórí iye tí yóò gbà kí ẹ tó gbéra. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń rò pé àwọn lè dá rìn ín. Ọ̀nà kò ṣòro, ṣùgbọ́n ojúbọ tí ó wà níbẹ̀ tó bíi ogójì, àwọn kan sì wà tí àlejò kò gbọdọ̀ dé. Ère wọn kì í ní àkọlé, ẹni tí kò bá ní amọ̀nà yóò kọjá lára ohun tí ó wá wò láìmọ̀. Ẹ sọ fún amọ̀nà yín kedere pé ẹ kò kánjú, pé ẹ fẹ́ rìn, kí ó má baà mú yín gba ọ̀nà kúkúrú tí ó ń mú àwọn oníṣẹ́jú ogún gbà.

Ìgbésẹ̀ kejì: sísọ̀kalẹ̀ nínú igbó

Ẹ rọra rìn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ariwo ọ̀kadà yóò lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò yí padà, ẹ ó sì gbóòórùn ewé tí ó ń jẹrà. Igbó yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àjẹkù ẹgàn àtijọ́ tí ó ṣẹ́kù ní gúúsù Nàìjíríà, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ hẹ́kítà 75, èyí tí a lè fi wé nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ gbé orí sókè nígbà mìíràn, torí orí igi ni ìdajì ohun tí ó wà níbí wà.

Pé igbó yìí ṣì wà rárá kì í ṣe ohun kékeré. Ní nǹkan bíi ọdún 1950 ni Susanne Wenger, ayàwòrán tí a bí ní ìlú Graz ní Austria ní ọdún 1915, dé Nàìjíríà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier. Àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ kọlù ú; nígbà tí ó gbádùn, ó di ọmọlẹ́yìn Ọbàtálá lọ́dọ̀ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ó sì wá di Àdùnní Olórìṣà tí gbogbo Òṣogbo mọ̀. Nígbà tí àwọn agégedú àti àwọn tí ń wá ilẹ̀ oko fẹ́ jẹ igbó náà run, òun àti àwọn abọ̀rìṣà dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn ojúbọ tí ó ti wó kọ́. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, kí ó tó di oníṣọ̀nà. Àwọn bíi Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tí ń gbẹ́ òkúta àti Kàsálì Àkàngbé tí ń gbẹ́ igi sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọdún 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75 ní ọdún 1992, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Àdùnní wà láàyè rí i. Ọdún 2009 ni ó papò dà ní Òṣogbo.

Ẹ súnmọ́ ère kan, kí ẹ wò ó dáadáa láì fọwọ́ kàn án. Erùpẹ̀ pupa àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n pò pọ̀, irin ni egungun rẹ̀. Ìdérí ewé tútù kéékèèké ti bo èjìká rẹ̀ bí ìborùn, òjò ti la ojú rẹ̀, ní orí ìka kan sì ni irin ti yọ sóde, tí ìpẹtà rẹ̀ ń ṣàn bọ̀ sí ọrùn ọwọ́. Gbòǹgbò igi ń ti àwọn kan lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ gun ère, tí ẹ kò sì gbọdọ̀ fẹ̀yìn tì í nítorí fọ́tò. Mo ti rí bàbá kan tí ó gbé ọmọ rẹ̀ lé apá òrìṣà bí ẹni gbé e lé orí ẹṣin. Amọ̀nà rẹ̀ kò pariwo, ó kàn dúró jẹ́ẹ́ títí ojú fi ti bàbá náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ní etídò

Ẹnu ọ̀nà tí a mọ ìjàpá tí ń fò sí ni ẹ ó gbà dé Ojúbọ Òṣogbo, iṣẹ́ Adébísí Àkànjí. Ibí ni gbòǹgbò ìlú: etídò tí Láròóyè ti kọ́kọ́ bá Ọ̀ṣun pàdé, àti òkúta tí ọba ń jókòó lé nígbà ọdún. Níbí náà ni ìtàn ti sọ pé ẹja ńlá kan yọ jáde lẹ́yìn tí wọ́n rúbọ tán, tí Láròóyè tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbà á. Atẹ́wọ́gbẹja ni ó di Àtáọ́ja, oyè tí gbogbo ọba Òṣogbo ń jẹ títí di òní. Ẹja odò yìí kò ṣe é pa, ẹran igbó kò ṣe é dọdẹ.

Kí ẹ tó gbé fóònù sókè, ẹ wò yíká. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó wólẹ̀, tàbí ìyá kan tí ó wọ aṣọ funfun tí ó ń gbàdúrà fún ènìyàn, ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n parí. Ẹ kí àwọn ìyá náà bí a ti ń kí àgbà, obìnrin lórí ìkúnlẹ̀ tàbí kí ó tẹ orúnkún, ọkùnrin kí ó tẹríba, bí wọ́n bá ní “Oore yèyé o!”, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀ bí ẹ bá dá wọn lóhùn. Mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì pọ̀ nínú àwọn tí ń wá wò ó, kò sí ẹni tí yóò fi ipá mú yín bọ ohunkóhun. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ìyá kan, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè yà yín?” ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní rárá, rárá náà nìyẹn.

Ẹ má mu omi odò náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan, nítorí láti ìran dé ìran ni a ti ń bu omi Ọ̀ṣun fún àgàn àti aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìwakùsà góòlù ní òkè odò ti dà á rú, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kìlọ̀ ní ọdún 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ti ń súnmọ́, pé kí àwọn ènìyàn yéé mu ún. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, obìnrin kan bu díẹ̀ sínú ike tí ó mọ́ gaara, ó gbé e sí ojú oòrùn. Tíì tí a da mílíìkì sí ni ó jọ. Ó wò ó títí, ó dà á padà sínú odò, ó sì fi ọwọ́ tútù pa orí.

Ọ̀bọ wà níbí, wọn kò sì bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Mo rí ọ̀kan tí ó bọ́ sílẹ̀ láti orí ẹ̀ka, tí ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì tí síípù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ó fa ọ̀rá ẹ̀pà jáde, tí ó sì jókòó sí orí ògiri tí ó ń bó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó ń wo ẹni tí ó ni ín lójú. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ, ẹ má sì fa nǹkan mọ́ wọn lọ́wọ́. Eyín wọn mú. Afárá kan tí a fi okùn irin gbé rọ̀ sí orí odò náà wà nítòsí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé e, bí ó bá sì ní kí ẹ má gùn ún, ẹ wò ó láti ilẹ̀.

Ẹ jókòó ní etídò fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé títí di ìgbà yìí yẹ kí ó ti tó bíi wákàtí kan ààbọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bíbẹ̀rẹ̀ sí gòkè

Ẹ má gba ọ̀nà tí ẹ bá wá padà ní tààrà. Ẹ ní kí amọ̀nà mú yín gba ọ̀dọ̀ Ìyá Mọ̀pó, ère gàgàrà tí í ṣe ti òrìṣà tí ó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, bíi ìkòkò mímọ àti aró rírẹ. Ìlú tí a ń kì ní ìlú aró kò lè fi irú rẹ̀ ṣeré. Ẹ ní kí ó mú yín dé ààfin kejì, ibi tí àwọn ará Òṣogbo dúró sí lẹ́yìn tí wọ́n kúrò létídò, kí wọ́n tó jáde kúrò nínú igbó pátápátá. Ilé alámọ̀ ni, ojú lè tètè fò ó. Ẹ dúró sí iwájú rẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ padà sí ìhà odò: ẹ ó fi ojú ara yín wọn bí wọ́n ti jìnnà sí omi tó nígbà náà.

Gígun òkè náà kò ga bí òkè Ìdànrè, ṣùgbọ́n ooru inú igbó a máa mú kí àyà yára lù. Ẹ máa sinmi, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ibi tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí koríko wà, ẹ má tẹ amọ̀ pupa àárín. Àgbàlagbà lè mú ọ̀pá dání.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: láti ẹnu ọ̀nà dé ààfin

Ẹ san owó amọ̀nà yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má sì wọ kẹ̀kẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ sí Ọjà Ọba. Kò tó wákàtí kan rárá, ọ̀nà yìí kan náà sì ni Arugbá ń gbà wá. Oòrùn yóò ti mú nígbà náà, ẹ dé fìlà yín. Ẹ máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ó ti máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú, torí ọ̀kadà kì í fún ẹlẹ́sẹ̀ láyè.

Ní Ọjà Ọba, ilẹ̀ ti tẹ́jú, odò kò sì sí lójú mọ́. Ààfin Àtáọ́ja nìyí, mọ́ṣáláṣí ńlá kò jìnnà sí i. Ní gbàgede ààfin ni wọ́n ti ń tan Àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún nígbà ọdún, tí wọ́n sì ń jó yí i ká mọ́jú. Ẹ wo iwájú ààfin láti ìta, bí ẹ bá sì fẹ́ wọlé, ẹ bá àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nínú ọjà, ẹ béèrè fún àwọn aláṣọ àdìrẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò ra aṣọ náà nínú ìnujú funfun tí ó tutù: aró tòótọ́ yóò fi àwọ̀ díẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ ọjà rẹ̀ kò ní bínú pé ẹ dán an wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ilé Àdùnní

Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé yín, ẹ fi ilé Àdùnní ní ọ̀nà Ìbòkun parí rẹ̀. Bí kò bá gbé yín mọ́, kẹ̀kẹ́ wà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ti irú èyí tí àwọn tí ó dé láti Brazil kọ́ wá sílẹ̀ wa, ọgbà sìmẹ́ńtì tí ó yí i ká kún fún ọnà tí ẹ ó mọ̀ lójú kan náà pé ọwọ́ tí ó ṣe ti inú igbó ni ó ṣe é. Ère àti àga tí a gbẹ́ kún inú rẹ̀ débi pé ó yẹ kí ẹ gbé báàgì yín sí iwájú àyà, kí ó má baà gbá nǹkan ṣubú.

Ilé ni, ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ ké “àgò onílé”, kí ẹ sì dúró títí ẹ ó fi gbọ́ “àgò yà”. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ilé, ẹ fi í lé ọwọ́ ẹni tí ó mú yín rìn nínú ilé náà. Kí ẹ tó wọlé, ẹ gbọn bàtà yín dáadáa ní ìta, torí amọ̀ pupa etídò yóò ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.